Àkàrà Lọ, Frejon Dé: Ìtàn Oúnjẹ Ilé Tí Ó Kọjá Òkun

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn Yorùbá, ohun tí ó máa ń wà lẹ́nu wa jùlọ ni ìtàn àwọn ọba, ti àwọn jagunjagun, ti ìlú tí ó tú àti èyí tí wọ́n tẹ̀ dó. A ó sọ ti Aláàfin, a ó sọ ti Àfọ̀njá, a ó ka ogun Òwu àti ogun Kírìjì, a ó sì pa ìwé dé. Ṣọ̀wọ́n ni a máa ń béèrè pé kí ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń jẹ, ta ni ó ń sè é, ta ni wọ́n sì ń bù ú fún. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ohun tí ó tóbi tó báyìí nínú ayé ènìyàn kò yẹ kí ó kéré nínú ìtàn rẹ̀.

Ipasẹ̀ oúnjẹ méjì ni mo fẹ́ kí a jọ tọ̀ nínú àròkọ yìí. Èkíní ni àkàrà, tí ó bá àwọn ẹrú kúrò ní ilẹ̀ wa lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì. Èkejì ni frejon, tí ó bá àwọn Àgùdà ti Bràsíìlì padà wá sí Èkó. Oúnjẹ ilé lásán ni àwọn méjèèjì, kò sí èyí tí ó jẹ́ oúnjẹ ààfin nínú wọn. Èrò mi ni pé adùn wọn nìkan kọ́ ni ó dá wọn sí. Oúnjẹ tó dùn púpọ̀ ti parẹ́ nílé ayé. Àwọn méjì yìí yè nítorí pé ẹni tí ó bá sè wọ́n kì í dá wọn jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ààrò. A ó ṣa ẹ̀wà, a ó rẹ ẹ́ sínú omi, a ó fọwọ́ bó èèpo rẹ̀ títí yóò fi funfun, a ó sì lọ̀ ọ́ kúnná pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà. Kí ẹ̀rọ ìlọta tó dé, orí ọlọ ni gbogbo èyí ti ń wáyé, ọwọ́ obìnrin ni ó sì ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni a ó po ó dáadáa kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, nítorí àkàrà tí a kò po tó a máa le. Ìgbà tí epo bá gbóná nínú agbada ni a ó tó máa dá a sí i ní ìwọ̀n-ìwọ̀n. Iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù fún ẹnu ẹnì kan. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ẹ̀wà láti bó èèpo rẹ̀, díẹ̀ kọ́ ni yóò bó. Àti pé òórùn àkàrà kì í gbọ́ràn sí olówó rẹ̀ lẹ́nu: kí ti àkọ́kọ́ tó pọ́n nínú epo, gbogbo agboolé ti mọ̀. Ọmọ tó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà ní àkókò náà, kò sí ìyá tó jẹ́ fi ọwọ́ òfìfo lé e padà.

Bóyá ìdí nìyí tí àkàrà fi wọ inú àṣà wa ní ibi tí a ti nílò ohun tí a ó pín kárí. Bí arúgbó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ a dín àkàrà, wọ́n a sì gbé e ká ilé àwọn ará àdúgbò. Ẹni tó bá gba àkàrà náà ti mọ̀ pé òkú àgbà ni, kì í ṣe òkú ọ̀fọ̀. Nígbà ogun, bí àwọn jagunjagun bá ṣẹ́gun bọ̀, àwọn aya wọn a dín àkàrà, wọ́n a pín in fún ará ìlú. Ẹ̀wà tí wọ́n fi ń dín in náà ni ìyá ìbejì máa ń sè, tí yóò sì pe àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ àdúgbò jọ láti jẹ ẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìbejì yìí sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé ní ọ̀nà jíjìn.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, àkàrà, fẹ̀ ju ohun tí a fi ń pè ní òde òní lọ. Nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún dé ibi tí a ti sọ̀rọ̀ búrẹ́dì, àkàrà ni wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni a ti rí àìwúkàrà, èyí tí í ṣe búrẹ́dì tí a kò fi ìwúkàrà sí. Àwọn àgbà mìíràn ṣì ń pe búrẹ́dì ní àkàrà òyìnbó. Èyí fi hàn pé ní ojú àwọn baba wa, bí àlejò bá gbé oúnjẹ àjèjì kan dé tí a fi ìyẹ̀fun ṣe, tí ó wú, tí a sì lè fi ọwọ́ mú jẹ, àkàrà ni wọ́n máa fi wé. Òun ni òṣùwọ̀n.

Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun àti òwò ẹrú gbá ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ sí òkè òkun. Ìdílé Ọ̀yọ́ ń dà rú. Òwu fọ́ ní àwọn ọdún 1820. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́-Ilé ti dahoro. Àwọn tí wọ́n kó gba èbúté Àgbádárìgì, Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ara wọn ní Salvador, olú ìlú Bahia. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Nàgó. Wọn kò gbé ohunkóhun lọ́wọ́. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni ohun tí ọwọ́ fúnra rẹ̀ mọ̀: bí a ti ń bó ẹ̀wà, bí a ti ń fi ọmọ ọlọ lọ̀ ọ́, bí a ti ń mọ̀ pé epo ti gbóná tó.

Kò sí ẹni tó jókòó kọ ìtàn àwọn obìnrin wọ̀nyí sílẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó tilẹ̀ dárúkọ oúnjẹ wọn nínú ìwé, ìbínú ni ó fi dárúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ni ọkùnrin náà, Luís dos Santos Vilhena ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Potogí tí ó ń kọ́ni ní èdè Gíríìkì ní Salvador. Nínú àwọn lẹ́tà tí ó kó jọ ní 1802, ó ń ráhùn pé láti inú ilé àwọn ọlọ́lá gan-an ni wọ́n ti ń rán àwọn ẹrúbìnrin jáde láti máa kiri àwọn nǹkan tí kò já mọ́ nǹkankan. Ó wá to àwọn ohun tí wọ́n ń kiri náà lẹ́sẹẹsẹ. Lára wọn ni acarajé, abará àti acaçá wà. Ọmọ Yorùbá tó bá ka ìlà náà lónìí, kò nílò ògbufọ̀. Acarajé ni àkàrà. Abará ni ẹ̀wà lílọ̀ kan náà tí a pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a sì sè, èyí tí àwa ń pè ní ọ̀lẹ̀lẹ̀ tàbí mọ́ínmọ́ín. Acaçá ni ẹ̀kọ tí a pọ́n, tí àwọn Ègùn àti Fọ̀n ń pè ní àkàsà. Ráúràú olùkọ́ kan ni ó bá wa tọ́jú àkọsílẹ̀ tí kò sí ẹlòmíràn tó ka sí.

Ọdún tí Vilhena kọ ìwé rẹ̀ tún yẹ fún àkíyèsí. Ní 1802, Ọ̀yọ́ ṣì dúró, ogun Òwu kò tí ì jà. Nítorí náà, kí ọ̀pọ̀ àwọn Yorùbá tó dé Bahia, àkàrà ti wà ní òpópónà. Àwọn tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n gbé e débẹ̀, àti Yorùbá àti àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa láti ilẹ̀ Dàhọ̀mì tí wọ́n ń pè ní Jeje. Kò yẹ kí a fi ìgbéraga gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé àwa nìkan ni. Epo pupa tí wọ́n fi ń dín in gan-an, orúkọ tí wọ́n ń pè é ní Bahia ni dendê, láti inú èdè àwọn ará Àngólà ni orúkọ náà sì ti wá. Igi ọ̀pẹ pàápàá ti Áfíríkà kọjá sí ibẹ̀, ó sì gba ilẹ̀ létí òkun Bahia débi pé wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe apá kan etíkun náà. Ẹ̀wà funfun tí wọ́n ń pè ní feijão fradinho náà, láti ọ̀dọ̀ tiwa ni. Ata tí ó wà nínú àkàrà wa, ọ̀dọ̀ tiwọn ni ó ti wá. Òkun yẹn kò fìgbà kan jẹ́ ọ̀nà ẹyọ kan.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí àkàrà ṣe fún àwọn tó ń kiri rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọra. Àwọn ẹrúbìnrin tí olówó wọn ń rán lọ kiri ọjà ni wọ́n ń pè ní ganhadeiras. Àdéhùn wọn ni pé kí wọ́n mú iye kan wálé fún olówó wọn lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ohun tó bá lé lórí iye náà di tiwọn. Kọ́bọ̀ lé kọ́bọ̀ báyìí ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi kó owó ìràpadà wọn jọ, tí wọ́n ra ara wọn, tí àwọn mìíràn sì tún ra ọmọ wọn. Àwọn ẹrú Bahia tún ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń dá owó jọ kí wọ́n lè máa ra àwọn ọmọ ẹgbẹ́ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ bí esúsú ti ń rìn láàárín wa yóò mọ irú ètò tí mo ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rò pé àkàrà kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtàn, kí ó ro èyí wò: oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ ti ra ènìyàn kúrò lóko ẹrú rí.

Ní ilé ìsìn àwọn òrìṣà, èyí tí wọ́n ń pè ní Candomblé, àkàrà jẹ́ oúnjẹ Ọya, ẹni tí wọ́n ń pè ní Iansã. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọmọ Ọya ni wọ́n ń dín in tà kí wọ́n lè rí owó ṣe ojúṣe wọn sí òrìṣà. Nínú orin kan tí Dorival Caymmi kọ, tí Carmen Miranda sì kọ sínú àwo ní 1939, ìyá alákàrà ń kiri ní òru, orúkọ àkàrà àti ti ẹ̀kọ sì wà nínú ìpolówó rẹ̀. Ní ti orúkọ acarajé fúnra rẹ̀, ìwé púpọ̀ ní Bràsíìlì ni ó ń sọ pé àkàrà túmọ̀ sí bọ́ọ̀lù iná. Àwa tí a ń sọ èdè yìí kò rí iná kankan nínú rẹ̀. Ó jọ pé ètùtù kan ni ó fa àṣìtúmọ̀ náà, níbi tí elégùn ti máa ń gbé òwú tó ń jó mì, tí wọ́n sì ń pe òwú náà ní àkàrà. Ní ti ìparí ọ̀rọ̀ náà, jẹ ni, bí ẹni tó ń kiri ti ń pe àwọn tó fẹ́ jẹ ẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó kọ̀wé nípa oúnjẹ wọ̀nyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni Manuel Querino, ọmọ adúláwọ̀ Bahia tí a bí ní 1851 tí ó sì kú ní 1923. Ìwé rẹ̀ lórí oúnjẹ Bahia jáde ní 1928, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nínú rẹ̀, ó ṣàlàyé bí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀wà, bí wọ́n ti ń bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ lórí òkúta. Bí a bá ka àlàyé náà fún ìyá àgbà kan ní Òṣogbo, kò ní rí ohun tí yóò tún ṣe nínú rẹ̀. Lóde òní ìyàtọ̀ ti wà nínú bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n a la àkàrà sí méjì, wọ́n a fi edé gbígbẹ, ata àti vatapá sínú rẹ̀. Vatapá yìí jẹ́ ọbẹ̀ kíki tí a fi búrẹ́dì, edé, omi àgbọn, ẹ̀pà àti epo pupa ṣe. Àwa ń fi àkàrà sínú búrẹ́dì, àwọn ń fi búrẹ́dì sínú àkàrà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbejì tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn ni ó ya mí lẹ́nu jùlọ. Ní Salvador, bí oṣù kẹsàn-án bá ti dé, pàápàá ní ọjọ́ 27 rẹ̀, àwọn ìdílé máa ń se caruru, èyí tí í ṣe ọbẹ̀ ilá pẹ̀lú epo pupa àti edé. Orúkọ Kọsima àti Damiano, àwọn ẹni mímọ́ méjì tí wọ́n jẹ́ ìbejì, ni wọ́n fi ń se é. Àwọn Nàgó sì mọ̀ pé Ìbejì ni. Kí àgbàlagbà kankan tó fọwọ́ kan oúnjẹ náà, a ó pe ọmọ kéékèèké méje, a ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún wọn, a ó gbé ọpọ́n kan ṣoṣo síwájú wọn, wọn yóò sì fi ọwọ́ jẹ ẹ́ pọ̀. Ẹ̀yìn wọn ni àlejò tó tó jẹun. Ilẹ̀kùn ilé wà ní ṣíṣí sílẹ̀ ní ọjọ́ yẹn fún aládùúgbò àti fún ẹni tó kàn ń kọjá. Ẹ̀wà tiwa ti di ilá lọ́wọ́ wọn, ìbejì ti wọ aṣọ ẹni mímọ́ Kátólíìkì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ṣì ni a ń kọ́kọ́ bọ́, inú àwo kan náà sì ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Ìlànà pínpín ni ó pẹ́ ju èròjà lọ.

Kì í ṣe Bahia nìkan. Àwọn Yorùbá tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lórí òkun, irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àjàyí Crowther ní 1822, ni wọ́n kó lọ sí Freetown. Títí di òní, àwọn Krio ibẹ̀ máa ń se àsè fún àwọn bàbá ńlá wọn, awujoh ni orúkọ àsè náà, ẹ̀wà àti àkàrà sì wà lára ohun tí wọ́n ń sè. Àwùjọ wa náà ni. Ní Kúbà pẹ̀lú, wọ́n ń dín ẹ̀wà lílọ̀ ní ìwọ̀n kéékèèké tí wọ́n ń pè ní bollitos de carita.

Ẹ jẹ́ kí a wá yíjú sí ọ̀nà àbọ̀. Ní òru tó mọ́ ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1835, àwọn ẹrú àti òmìnira, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Nàgó tó ń ṣe ẹ̀sìn Mùsùlùmí, dìtẹ̀ ní Salvador. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n, láti inú ìmàle tiwa. Onímọ̀ ìtàn João José Reis, tó ti ṣe iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jùlọ lórí ọ̀tẹ̀ náà, fi hàn pé jíjẹun pọ̀ wà lára ohun tó so àwọn ènìyàn wọ̀nyí pọ̀ kí ọ̀tẹ̀ tó bẹ́. Ìjọba tẹ̀ wọ́n rì. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan lẹ́gba, wọ́n sì lé àwọn mìíràn padà sí Áfíríkà. Láti ìgbà náà lọ títí di ẹ̀yìn 1888 tí Bràsíìlì fòpin sí oko ẹrú, àwọn tó ti gba òmìnira ń wọkọ̀ bọ̀ wálé, sí Ouidah, sí Àjàṣẹ́ àti sí Èkó. Iṣẹ́ tí Pierre Verger tẹ̀ jáde ní 1968 lórí lílọ àti bíbọ̀ yìí kò tí ì ní ẹlẹ́gbẹ́.

Ní Èkó, wọ́n tẹ̀ dó sí àdúgbò tí a mọ̀ sí Pópó Àgùdà, ní agbègbè Campos. Àwọn kan jẹ́ bíríkìlà, àwọn kan káfíńtà, àwọn kan aránṣọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ni àwọn ìwé máa ń yìn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ilé náà ti wó, àwọn mìíràn ni a ti wó pẹ̀lú ọwọ́ ara wa. Frejon ṣì wà.

Orúkọ rẹ̀ ti inú feijão wá, èyí tí í ṣe ẹ̀wà ní èdè Potogí. A ó se ẹ̀wà náà títí yóò fi rọ̀ pátápátá. A ó fá àgbọn, a ó fi omi fún wàrà rẹ̀, a ó lọ ẹ̀wà pọ̀ mọ́ ọn, a ó sẹ́ ẹ kí ó lè jọ̀lọ̀, a ó sì tún gbé e padà ka iná títí yóò fi ki. Àwọn mìíràn a fi ṣúgà sí i. Ọbẹ̀ ata àti ẹja ni a fi ń jẹ ẹ́, a ó sì wọ́n gàrí sí i lórí. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni ọjọ́ rẹ̀. Ìjọ Kátólíìkì kò fẹ́ kí ọmọ ìjọ jẹ ẹran lọ́jọ́ náà, ni ẹ̀wà àti ẹja ṣe gba ipò. Ẹ wo ìrìn-àjò tó wà nínú abọ́ kan: ẹ̀wà jẹ́ ti Áfíríkà; àgbọn, àwọn Potogí ni wọ́n gbé e wá láti etí Òkun Íńdíà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún; ẹ̀gẹ́ tí a fi ṣe gàrí, láti Bràsíìlì ni; ọjọ́ tí a ń jẹ ẹ́, láti Róòmù.

Ohun tó mú frejon di oúnjẹ Èkó, tí kò fi mọ sí ilé Àgùdà nìkan, ni pé ìkòkò ńlá ni wọ́n fi ń sè é, wọ́n sì ń bù ú ránṣẹ́. Mùsùlùmí tó wà ní ojúlé kejì, tí kò mọ ohunkóhun nípa Ọjọ́ Ẹtì Rere, ń retí abọ́ tirẹ̀. Bí Iléyá bá sì dé, ẹran yóò gba ọ̀nà kan náà padà. Nínú àwọn Àgùdà fúnra wọn pàápàá, Mùsùlùmí wà. Ajọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní, ni wọ́n wí. Ní Àjàṣẹ́, nílẹ̀ Benin, ibi tí àwọn ìdílé Àgùdà ti ń ṣe ọdún Bonfim ní oṣù kìíní pẹ̀lú eré egúngún tí wọ́n ń pè ní burian, ẹ̀wà tí wọ́n sè bíi ti Bràsíìlì náà ni wọ́n jọ ń jẹ.

Ní àkókò tiwa yìí, àkàrà Bahia ti di ohun tí òfin ń dá sí. Ní 1998, ìjọba ìlú Salvador ṣe òfin lórí iṣẹ́ àwọn ìyá alákàrà, aṣọ ìbílẹ̀ tí wọ́n ń wọ̀ wà lára ohun tí ó ṣe ìlànà lé lórí. Ní oṣù kejìlá 2004, àjọ tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá ilẹ̀ Bràsíìlì, IPHAN, fọwọ́ sí i pé kí iṣẹ́ wọn di ogún orílẹ̀-èdè, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìmọ̀ ní oṣù kìíní 2005. Ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ni wọ́n fi sọrí wọn lọ́dọọdún. Ìyẹn kò ní kí wàhálà má wà. Àwọn kan nínú ìjọ ajíhìnrere bẹ̀rẹ̀ sí í dín àkàrà kan náà tà láìwọ aṣọ funfun náà, wọ́n sì pe é ní bolinho de Jesus kí ó má baà rùn mọ́ òrìṣà. Nígbà tí wọ́n sì ń múra ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti 2014, òfin FIFA fẹ́ lé àwọn aláte kúrò ní àyíká pápá ìṣeré Fonte Nova, ibi tí àwọn obìnrin wọ̀nyí ti ń tajà tipẹ́. Wọ́n kọ̀wé ẹ̀hónú, wọ́n gba ọwọ́ ènìyàn sí i, wọ́n sì gba àyè wọn ní 2013.

Ní tèmi, n kò bá ẹni tó bá fẹ́ jẹ àkàrà rẹ̀ láìsí Ọya níbẹ̀ jà. Ọ̀pọ̀ wa ní ilé kò ro Ọya nígbà tí a bá ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ògì. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí a pa orúkọ tí àwọn ẹrúbìnrin fi kiri rẹ̀ rẹ́. Òmìnira wọn ni wọ́n fi orúkọ náà rà. Ẹni tó bá fẹ́ oúnjẹ náà, kí ó gba orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Frejon ní tirẹ̀ kò ní òfin, kò sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba kankan tí mo mọ̀. Ìmọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ìyá Ìsàlẹ̀ Èkó, àti lórí àwọn ọmọ tí wọ́n ń rán láti gbé abọ́ lọ sí ilé yìí àti sí ilé tọ̀hún. Olùkọ́ tó bá fẹ́ lo àròkọ yìí ní kíláàsì lè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ kan. Kí oníkálukú béèrè lọ́wọ́ àgbà inú ilé rẹ̀ pé oúnjẹ wo ni a kì í dá jẹ nílé wa, ọjọ́ wo ni a ń sè é, ilé ta ni abọ́ àkọ́kọ́ ń lọ, kí sì ni ó fà á. Kí ó kọ orúkọ oúnjẹ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbà náà ti pè é, bó ti wù kí ó yàtọ̀ sí ti inú ìwé tó, kí ó sì fi àmì ohùn sí i.